Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Ṣí Ilé Pọ́ńpù

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lọ́jọ́ náà, ìgbẹ́ gbogbo àdúgbò ti wọ yàrá ìyá ọkọ alágbàfọ̀. N kò sọ pé òórùn rẹ̀ ló wọlé o. Ìgbẹ́ gan-an ni mo sọ. Ó gba inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ funfun tí ọmọ màmá náà fọwọ́ ara rẹ̀ rì mọ́ igun yàrá, ó kún un dé ẹnu, ó dà sílẹ̀, ó sì ń rọra rìn lọ sábẹ́ ibùsùn. Omi dúdú ni, ó ki, ó ń hó bí ọbẹ̀ tó kan. Alágbàfọ̀ gbé ife tíì lọ́wọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó fẹsẹ̀ kan wọlé, ilẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tó wo ìsàlẹ̀, ohun tó rí láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ níwájú ẹni tó ń jẹun.

"Mo ti ń pè ọ́ láti ìdájí," ni màmá wí láti orí ibùsùn. "Mo fẹ́ gbọnsẹ̀, ọmọ mi, mi ò rí ibi tí n ó ti ṣe é."

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé orúnkún màmá náà méjèèjì ti gan. Wọn kò ṣeé ká. Kò lè lóṣòó, kò lè jókòó sórí ohun tó rẹlẹ̀, ìjókòó gíga nìkan ló bá a lára mu. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ bá a gbé ìgbẹ́ rẹ̀ dànù. Obìnrin tó bí ọmọ mẹ́fà, tó nu ìdí gbogbo wọn, ó ní kò sẹ́ni tó máa nu tòun níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ òun bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, fi ri àwo náà sínú yàrá fún un. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó fi lò ó, ara rẹ̀ yá, ó ń kọrin láàárọ̀.

Alágbàfọ̀ kò wulẹ̀ dúró ronú. Ó to búlọ́ọ̀kù méjì léra, ó gbé korobá lé e lórí kó lè ga tó, ó gbá màmá mú lábẹ́ apá, ó sì gbé e jókòó. Ilẹ̀ ń yọ̀. Búlọ́ọ̀kù yẹ̀, korobá fò sọ́tọ̀, màmá sì ṣubú tìdítìdí sínú ohun tó wà nílẹ̀. Ó yí i láṣọ, ó yí i lọ́wọ́, ó ta sí i nínú irun. Alágbàfọ̀ gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọṣẹ tó fi ń fọ ọrùn ẹ̀wù àwọn aṣọ́bodè wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn náà kò lọ tán. Màmá kò sunkún. Ó kàn ní kí wọ́n má gbé korobá kankan wá síwájú òun mọ́, òun á mú un mọ́ra títí wọn ó fi rí ibi tó dáa gbé òun sí. Tíì tí wọ́n gbé fún un, kò mu ún. Búrẹ́dì, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun kò tún fẹ́ fi kún ohun tó ti wà nílẹ̀. Alágbàfọ̀ bá gbé àga gíga tó fi ń lọ aṣọ síwájú ilé, létí títì, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ó sì gbé e jókòó sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ páìpù yìí ṣe jẹ́, kí inú lè bí yín dáadáa.

Ìjọba ní àwọn fẹ́ ri páìpù ẹ̀gbin gba abẹ́ títì kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò náà, láti ẹnubodè lókè títí dé ilé pọ́ńpù nísàlẹ̀. Ẹ̀gbin ilé kọ̀ọ̀kan á máa ṣàn sínú rẹ̀, pọ́ńpù á sì máa fà á lọ síbi tó jìnnà sílé èèyàn. Ó dára. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ri páìpù, wọ́n kọ́ ilé pọ́ńpù. Pọ́ńpù nìkan ló kù. Pọ́ńpù ọ̀hún wà lórí tírélà ní òdìkejì bodè, wọ́n fi tàpólì bò ó, ó ti lo ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀. Bí alágbàfọ̀ bá ń sá aṣọ, ojú rẹ̀ ń tó o. Àwọn aṣọ́bodè tó ń fọṣọ fún ní ìwé rẹ̀ kò pé. Ìwé ta ni kò pé? Ìwé ìjọba. Ta ló ń béèrè ìwé? Ìjọba náà ni. Igi ìdènà kan péré ló wà láàárín pọ́ńpù àti ilé pọ́ńpù, igi yẹn ló sì borí gbogbo wọn. Wọ́n bá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má tíì so ilé rẹ̀ mọ́ páìpù. Wọ́n tún ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ńtì dí ìdí páìpù pa títí pọ́ńpù fi máa dé. Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí gan-an ni àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti olú-ìlú wá ṣí ilé pọ́ńpù tí kò ní pọ́ńpù nínú.

Ilé alágbàfọ̀ ló kẹ́yìn nísàlẹ̀ títì. Ohunkóhun tó bá kún páìpù, yàrá màmá ló máa kọ́kọ́ yọjú sí.

Alágbàfọ̀ sáré lọ pe ọkọ rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fi ọ̀dà kun férémù fèrèsé ilé pọ́ńpù, ó ń rọra kùn ún bí ẹni ń kun tìróò fún ìyàwó. Ó tẹ̀ lé e wálé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe nígbà tó rí yàrá ni pé ó ti fèrèsé pa, kí fọ́máànù, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ páìpù, má bàa gbóòórùn. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Ó ní ta ló tún so ilé rẹ̀ mọ́ páìpù yìí. Ọkọ ní kò sẹ́nìkan, àwọn nìkan ni. Ìyàwó ní ṣé ìgbẹ́ màmá nìkan ló kún páìpù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ omi òjò. Òjò tó rọ̀ nígbà wo? Ọkọ gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò fara sin. Fọ́máànù ti ṣèlérí fún un pé òun ni wọn ó fi ṣe olùtọ́jú ilé pọ́ńpù, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, bóòjò rọ̀ bóòjò ò rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ti wà lápò rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ayẹyẹ ni lẹ́tà máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó jáde síwájú ilé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó ní sùúrù títí àwọn àlejò á fi lọ. Màmá ní ìgbà wo ni wọn ó lọ. Ó ní kò ní ju agogo méjì ọ̀sán lọ. Màmá kàn mi orí. Agogo méje àárọ̀ ni wọ́n wà nígbà yẹn.

Nígbà tí ọkọ ti padà sídìí ọ̀dà rẹ̀, alágbàfọ̀ so gèlè mọ́rí, ó ní òun á wá ibi tí màmá máa jókòó sí. Ẹ̀yin náà á ní kí ló dé tí kò gbé e lọ sí ṣáláńgá. Ṣáláńgá wo? Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ páìpù, iwájú ilé onílé ni wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sí, òkìtì òkìtì, kò sẹ́ni tó wá kó o. Yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, àwọn ènìyàn kò ríbi kó o sí, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí kó o sínú ṣáláńgá wọn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ẹni kejì rí i, ó ní ọgbọ́n dáadáa nìyẹn, kò pẹ́ kò jìnnà, kò sí ṣáláńgá kan tó ṣẹ́kù ládùúgbò náà. Àwọn kan tiẹ̀ ti gbin ewébẹ̀ sórí rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ bá aránṣọ tí ilé rẹ̀ tẹ̀ lé tiwọn. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ó pọn màmá lójú, ẹ bá wa wá ibi tó lè jókòó sí. Aránṣọ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní òun kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o, òun ti dí ṣáláńgá òun bíi ti gbogbo ayé. Alágbàfọ̀ ní ibo ni ìyá tiwọn wá ń lọ. Aránṣọ ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ni, lọ́nà ọjà. Ọ̀nà ọjà kì í ṣe ibi tí èèyàn ń sáré dé bí inú bá ń ru ú, ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ dúpẹ́, ó jáde. Ó dé ọ̀dọ̀ tísà, bàbá àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Tísà fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní èèyàn tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í béèrè ibi tí àgbàlagbà ń yà sí. Ó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ìyẹn ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni inú òun ti le, òun kò tiẹ̀ lọ rárá. Ó ń nu ọwọ́ ìyẹ̀fun sí ìdí ṣòkòtò bó ti ń sọ ọ́, kò wò ó lójú.

Ilé méje ló yà. Kò rí ṣáláńgá, kò rí àwo, gbogbo ènìyàn sì sanra. Áńgẹ́lì ni wọ́n.

Bó ti ń bọ̀ nílé ló pàdé aṣọ́bodè kan tó wá gba yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ fún ayẹyẹ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun pọn màmá gun òkè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aṣọ́bodè. Ọkùnrin náà fi ẹ̀wù há abíyá, ó ní ará ìlú kì í kọjá igi ìdènà. Ó yínmú bó ti ń lọ, ó sì rọra gbé ẹ̀wù náà sún mọ́ imú wò bóyá òórùn ti mú un.

Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi abọ́ gbọ́n ìgbẹ́ kúrò nílẹ̀ yàrá. Bó ti ń gbọ́n ni òmíràn ń yọ. Á dákẹ́ díẹ̀, àwo á ní gùlú gùlú, á sì pọ òmíràn jáde, ó ń gbóná díẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ara èèyàn bọ̀ ni. Òógùn bò ó lójú, kò lè fọwọ́ nù ún, nítorí kò sí ibi tó mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́n korobá kẹta ni ó rí ohun kan tó lẹ̀ mọ́ etí abọ́. Ó fi igi tú u. Àjákù aṣọ ni, aláwọ̀ òféèfé tó ní òdòdó wẹ́wẹ́, irú èyí tí aránṣọ fi ń rán aṣọ àwọn akọrin láti ọjọ́ mélòó kan. Ó tún gbọ́n. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé kan yọ, wọ́n ti fà á ya sí mẹ́rin, síbẹ̀ ó rí gègé pupa lára rẹ̀, ó sì rí ohun tí wọ́n fi kọ: "Ọwọ́ rẹ dọ̀tí. Tún un kọ." Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Lẹ́yìn náà ni bébà àpò ìyẹ̀fun wá ń yọ ní wẹ́wẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Fún ẹni tí inú rẹ̀ le, ó pọ̀.

Alágbàfọ̀ jókòó sórí ibùsùn màmá. Ó wo ilẹ̀ títí. Ó wá yé e pé kì í ṣe pé àwọn ènìyàn yìí so ilé wọn mọ́ páìpù nìkan. Bíríkìlà kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò náà.

Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá ni ọkọ rẹ̀ wọlé láti wọ ẹ̀wù funfun tuntun tó fẹ́ fi ṣe ayẹyẹ. Fọ́máànù ti ní òun ni kó gbé àwo tí wọ́n máa to sísọ́ọ̀sì lé. Ìyàwó rẹ̀ na àjákù aṣọ náà sí i lórí igi.

"Ilé mélòó?" ni ó bi í.

Ọkọ ní ilé mélòó kí ni.

"Má fi mí ṣe òmùgọ̀. Ilé mélòó lo so mọ́ páìpù yìí?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì pè é ní "o" rí. Ọkọ gbọ́ ọ. Ó wá jókòó sórí ìdìpọ̀ aṣọ ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní mẹ́sàn-án. Ó ní wọ́n rí i nígbà tó ń so tiwọn fún màmá, ni aránṣọ bá wá bá a ní kọ̀rọ̀, ó ní òun nìkan ni kó ṣe é fún, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tísà náà dé, ó ní òun nìkan. Oníbúrẹ́dì ní òun nìkan. Oníkálukú ló ń wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú ló ń ní ti ẹnì kan ṣoṣo kò lè kún páìpù. Òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀ ní kí ni wọ́n fún un. Ó ní kì í ṣe owó. Ẹ̀wù funfun tó fẹ́ wọ̀ yìí, aránṣọ ló rán an. Lẹ́tà tó fi béèrè iṣẹ́ olùtọ́jú, tísà ló kọ ọ́.

"Oníbúrẹ́dì ńkọ́?"

Èyí kò tiẹ̀ nílò ìdáhùn, nítorí búrẹ́dì kan ń dé ilé wọn ní àràárọ̀, ó gbóná, wọ́n fi bébà àpò ìyẹ̀fun wé e. Alágbàfọ̀ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, ó ní èèyàn rere ni. Ó ti jẹ lára rẹ̀ láàárọ̀ yẹn kó tó ṣílẹ̀kùn màmá. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó bì í dànù gbogbo.

Nígbà tó padà wọlé, ó ti nu ẹnu, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní kò burú. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kó dìde báyìí, kó lọ bá ọ̀kan péré nínú àwọn mẹ́sàn-án, kó ní òun mọ̀ pé wọ́n ní àwo, òun ló rì í, kí wọ́n jẹ́ kí ìyá òun lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ ní bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo á sọ, fọ́máànù á gbọ́, òun kò sì ní rí lẹ́tà gbà mọ́. Ó ní wákàtí mẹ́ta péré ló kù. Ó ní ṣé kò rí i pé tìtorí gbogbo wọn ni òun ṣe ń ṣe é.

"Ìyá ta ni?" ni alágbàfọ̀ béèrè.

Ọkọ wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde, kó má bàa kọjá níwájú ìyá rẹ̀.

Àwọn ènìyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ayẹyẹ báyìí. Bí wọ́n bá dé iwájú ilé alágbàfọ̀, wọ́n á fi etí aṣọ bo imú, wọ́n á tún gba inú aṣọ náà kí màmá, wọ́n á ní ẹ kú ìjókòó o, Màmá, ẹ kú afẹ́fẹ́. Màmá ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di apá àga mú, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn ní iwájú orí. Àwọn obìnrin méjì kan dúró lókè díẹ̀, wọ́n ní òórùn burúkú wo rèé, omi ọṣẹ tí alágbàfọ̀ ń dà káàkiri ló dí páìpù, obìnrin yẹn kò sì ní ìmọ́tótó rí. Wọn kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

Alágbàfọ̀ kó ara ró, ó tún gba ilé aránṣọ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò kúnlẹ̀. Ó gbé àjákù aṣọ náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, sórí tábìlì tí obìnrin náà fi ń gé aṣọ. Aránṣọ wò ó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó ní kì í ṣe pé òun kò fẹ́ràn màmá. Ó ní bí wọ́n bá rí màmá tó wọ ilé òun ní ọ̀sán gangan lónìí tí àwọn ọ̀gá wà níta, wọ́n á béèrè ibi tó lọ jókòó sí. Ó ní kí ó gbé e wá bí ilẹ̀ bá ṣú, òun á ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀.

"Kò ní pẹ́ ṣú mọ́, ìyàwó wa," ni ó wí.

Alágbàfọ̀ fi àjákù aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún un.

Ó bá fọ́máànù níwájú ilé wọn. Fọ́máànù ti gbóòórùn tipẹ́, kò béèrè ibi tí òórùn náà ti ń wá, ó mọ̀ pé bí òun bá béèrè, wọ́n lè dá òun lóhùn. Ó gbé apakòkòrò olóòórùn òdòdó dání, ó ń dà á yí àga màmá ká bí ẹni ń bomi rin ewébẹ̀. Àdúgbò wá ń rùn bí ìgbẹ́ tí wọ́n fi lọ́fínńdà sí. Ó ní kí alágbàfọ̀ jọ̀ọ́, kí ó gbé màmá wọlé, mọ́tò àwọn àlejò máa gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ayàwòrán sì wà pẹ̀lú wọn. Alágbàfọ̀ ní inú ibo. Fọ́máànù ní bó bá jẹ́ pé kò ṣeé ṣe, kí wọ́n kúkú fi aṣọ bò ó. Ó sọ ọ́ níwájú màmá, màmá sì ń gbọ́.

Àwọn àlejò kò dé ní agogo kan, wọn kò dé ní agogo méjì. Ó kọjá agogo mẹ́ta kí mọ́tò wọn tó sọ̀ kalẹ̀, mẹ́fà tẹ̀ léra, gíláàsì wọn wà lókè. Nísàlẹ̀ níbẹ̀ wọ́n ti ta àtíbàbà, wọ́n ti to àga, kúlà ìrẹsì sì jókòó lábẹ́ igi, ẹṣinṣin tí kò ríṣẹ́ tó dáa ṣe nílé alágbàfọ̀ ti ń ṣí lọ síbẹ̀. Ọ̀gá àgbà wọn, ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun, bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé iwájú ilé. Ó ní láti òní lọ, kò sí ọmọ ènìyàn kan ládùúgbò yìí tí yóò tún máa wá ibi tí yóò yà sí.

Màmá fa aṣọ alágbàfọ̀. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "mi ò lè mú un mọ́."

Alágbàfọ̀ wo òkè títì, ó wo ilé mẹ́sàn-án tó ti ilẹ̀kùn pa, tí onílé wọn wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó wo ìsàlẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló mọ́ ní gbogbo ibẹ̀, ilé pọ́ńpù. Ó yí ẹ̀yìn sí màmá, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e pọ̀n, ẹsẹ̀ gígan rẹ̀ méjèèjì nà síwájú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó fi ọ̀já dì í dáadáa, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ó ń rìn kíákíá, kò sáré, nítorí eré sísá lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó gba àárín àga kọjá. Ó gba iwájú tísà kọjá, ó gba iwájú oníbúrẹ́dì kọjá. Ẹsẹ̀ màmá ń kàn wọ́n léjìká, wọ́n ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá àgbà náà gbé ọwọ́ lé sísọ́ọ̀sì, ó kù kó mú un.

Ọkọ rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé àwo sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ̀wù rẹ̀ funfun gbòò. Rìbọ́ọ̀nù pupa wà níwájú rẹ̀.

"Ṣílẹ̀kùn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó wo fọ́máànù. Fọ́máànù ń mi orí fún un pé kó má ṣí i. Ó wo ìyá rẹ̀. Màmá gbé ojú lé ejìká alágbàfọ̀, ó dijú, bí ọmọ kékeré tí ìbà ń ṣe. Bíríkìlà rọra gbé àwo náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé rìbọ́ọ̀nù sókè kí wọ́n lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó tún ti ilẹ̀kùn náà lẹ́yìn wọn, ó sì fi ẹ̀yìn tì í.

Fọ́máànù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọ̀gá àgbà, ó ní ìyá arúgbó kan ni, kí wọ́n má bínú. Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níwájú ayàwòrán. Ó ní kí wọ́n má dí màmá lọ́wọ́, ó ní ohun tó yẹ nìyẹn, kí ìyá wa àgbà kọ́kọ́ lò ó, òun á wá gé rìbọ́ọ̀nù lẹ́yìn náà. Ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ènìyàn bá pàtẹ́wọ́.

Fọ́máànù kò pàtẹ́wọ́. Bíríkìlà náà kò pàtẹ́wọ́. Nínú ilé pọ́ńpù, níbi tó yẹ kí pọ́ńpù wà, fọ́máànù ti gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun kan sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ga, ó funfun, ó ń dán, kí àwọn àlejò lè rí nǹkan yà ní fọ́tò. Wọ́n kàn gbé e lé orí síràmíìkì ni. Kò sí ihò kankan lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá àgbà ti sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó gba sísọ́ọ̀sì, ó dá ẹ̀rín dúró sójú fún àwọn ayàwòrán. Nígbà náà ni nǹkan rọra gba abẹ́ ilẹ̀kùn yọ, omi rẹ̀ ló ṣáájú, èyí tó ki tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ dáadáa ni bíríkìlà ṣe sí ilẹ̀ yẹn, ó dà á kó lè máa ṣàn síta. Ó gba àárín ẹsẹ̀ bíríkìlà kọjá, ó sì yí bàtà funfun náà ká kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó wo ilẹ̀.

Ọ̀gá àgbà fò sẹ́yìn, ó kígbe. Ayàwòrán kan ń ya fọ́tò lọ, wọ́n gbá a lọ́wọ́. Aránṣọ ń wo èékánná rẹ̀, tísà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn bíríkìlà. Alágbàfọ̀ jáde, ó tún pọn màmá, òógùn bo àwọn méjèèjì, ara màmá sì ti balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Màmá rí ọ̀gá àgbà tó ń fi ẹsẹ̀ ha koríko. Ó wo bàtà náà, ó wo ilẹ̀, ó wo ibi tí omi náà ti gbà wá, títí dé àwọn ilé tó wà lókè.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ni màmá wí fún un. "Kò ríbi lọ ni."